ÒÙNGBẸ LÓ Ń PA KÒKÒRÒ INÚ Ẹ̀WÀ, KÌ Í ṢE ORÓ
Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé da DDVP sínú oúnjẹ!

Ìyà tó ń jẹ àwọn tó ń ta ẹ̀wà kò kéré. Ẹni tó ra ẹ̀wà pamọ́ nígbà ìkórè, tó ń retí pé kó wọ́n kóun tó gbé e jáde, bó bá tú àpò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyẹ̀fun ló máa kọ́kọ́ bá lẹ́nu àpò, kòkòrò á sì máa rìn káàkiri bí ẹni pé àwọn ló ni ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á bu ẹ̀wà sọ́wọ́, á fẹ́ ẹ, á wo ihò ara rẹ̀, á ní, "Ìyá, kòkòrò ti jẹ tiyín yìí o." Ló bá kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Bí owó ọdún kan ṣe ń di ìyẹ̀fun nìyẹn.

Ìbẹ̀rù àdánù yìí ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ìdí oró. Láyé ọjọ́sí, Gàmálìn ni wọ́n ń dà sí i. Nígbà tó yá, ó kan DDVP, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper. Oògùn tí wọ́n ṣe fún pípa aáyán àti ẹ̀fọn, òun ni àwọn kan ń fọ́n sórí ẹ̀wà tí ọmọ ọlọ́mọ máa jẹ. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé kò sí ìdí kankan tó fi yẹ kí oró wọ inú ẹ̀wà. Ọ̀rá méjì, àpò kan àti okùn tó yi, wọ́n tó láti pa kòkòrò náà láìku ẹyọ kan tó lè ba ọjà jẹ́.

IBI TÍ KÒKÒRÒ TI Ń WÁ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé inú ọjà ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà lóko, tí èèpo rẹ̀ ń gbẹ lọ, ni kòkòrò kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Callosobruchus maculatus ti máa ń bà lé e, tó ń yé ẹyin sí i. Ẹyin yìí ló dà bí àmì funfun tóótòòtó tí ẹ máa ń rí lára ẹ̀wà. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin á pa, ọmọ inú rẹ̀ á dá ihò wọ inú ẹ̀wà lọ, á sì jókòó síbẹ̀, á máa jẹ. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti dàgbà, á gé fèrèsé róbótó sára ẹ̀wà, á jáde.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé èyí tó ń rìn káàkiri nínú àpò kò jẹun mọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gùn, kó sì yé ẹyin. Abo kan lè yé tó 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: kí 80 yẹn di àgbà, kí ìdajì wọn jẹ́ abo, kí àwọn 40 yẹn náà tún yé 80 lọ́kọ̀ọ̀kan, 3,200 nìyẹn, láàárín bí oṣù méjì péré! Ìdí nìyí tí àpò tó dà bíi pé kò lábàwọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n rà á fi ń di àtàn kí ọjọ́ tó jìnnà.

ORÓ KÒ MỌ ÈÈYÀN YÀTỌ̀ SÍ KÒKÒRÒ

Bí DDVP ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń da iṣan ara rú. Iṣan tó yẹ kó gba ìsinmi kò ní lè sinmi mọ́, gbogbo ara á máa gbọ̀n títí èémí á fi tán. Bó ṣe ń ṣe kòkòrò náà ló ń ṣe èèyàn, ìwọ̀n tó wọlé sára ló fi yàtọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó lè máa da itọ́, kó máa làágùn, kó máa bì, kí ojú rẹ̀ máa ṣú, kí èémí sì máa wọ́n ọn. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n máa gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sáré lọ, kì í ṣe kí wọ́n máa fún un ní epo pupa mu nílé.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kó ìtìjú bá Nàìjíríà létí òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Wọ́n ní DDVP tí wọ́n bá nínú kílò kan jẹ́ láti 0.03 dé 4.6 mílígíráàmù, nígbà tó jẹ́ pé 0.01 ni òfin wọn gbà. Ẹ wò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fi ìlọ́po 460 ju òfin lọ! Ní ọdún 2016, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún òfin náà. Nílé níbí, àjọ NAFDAC kéde ní ọdún 2019 pé kí wọ́n yé ta ìgò kékeré DDVP, ìyẹn 100 mílílítà, láàárín ọjà.

Ẹ̀wà tí wọ́n fi oró sí kì í ní àmì lójú. Ó lè máa dán, kó má sì ní ihò. Ìyẹn ló ń tan oníbàárà jẹ.

ỌGBỌ́N TÓ TI KAMẸRÚÙNÙ JÁDE

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Larry Murdock, láti yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onímọ̀ ní àríwá Kamẹrúùnù ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ run. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n wá lọ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní kòkòrò yìí ń mí, tí èémí rẹ̀ bá tán, iṣẹ́ rẹ̀ náà tán.

Ibẹ̀ ni àpò tí wọ́n ń pè ní PICS ti wá. Láti ọdún 2007, owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ Bill àti Melinda Gates ló jẹ́ kí wọ́n gbé e káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Mẹ́ta ló wà nínú ara wọn. Àpò híhun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló wà níta, òun ló ń gbé ẹrù. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì.

Iṣẹ́ àwọn tó mọ̀ nípa ohun èlò ló wà lára ọ̀rá yẹn. Gbogbo ọ̀rá ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Èyí tó bá fẹ́lẹ́, tó sì rọ̀, bí irú èyí tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà, afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá kíákíá. Ti PICS le, ó sì nípọn tó 80 máíkírọ́ọ̀nù, ìyẹn bí ìwọ̀n irun orí kan. Bí kòkòrò bá wá lu ti inú, ti èkejì á ṣì dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Bí wọ́n bá ti so ó pa, àwọn kòkòrò inú ẹ̀wà fúnra wọn ló máa mí ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Ìwọ̀nba tuntun tó bá yọ́ wọlé kò ní tó wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á jáwọ́ nínú ìjẹ. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn.

KÍ LÓ WÁ PA WỌ́N?

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé àìrí afẹ́fẹ́ mí nìkan ló ń pa wọ́n. Ní ọdún 2012, Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde tó tú àṣírí náà. Òùngbẹ ni!

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Inú ẹ̀wà gbígbẹ kò ní omi tí kòkòrò lè mu. Níbo ló ti ń rí omi? Ara rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ wo ìkòkò tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ka orí sítóòfù gáàsì: ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ làágùn. Gáàsì tó ń jó ló ń bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, ó sì ń bí omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ inú kòkòrò ṣe ń bá ọ́síjìn pàdé, tó ń bí omi fún un. Tí kò bá sí ọ́síjìn, kò ní sí omi. Kòkòrò á gbẹ, á kú síbẹ̀.

Ó jọ pé àwọn àgbà ti mọ apá kan nínú ọgbọ́n yìí. Eérú tí wọ́n máa ń pò mọ́ ẹ̀wà ń dí àyè tí kòkòrò fi ń rìn, ó sì ń jẹ́ kí ara rẹ̀ gbẹ. Òróró ẹ̀pà náà wà níbẹ̀: ní ọdún 1978, àwọn onímọ̀ ní IITA nílùú Ìbàdàn gbé ìwádìí jáde pé ìwọ̀n ṣíbí tíì kan fún kílò ẹ̀wà kan ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kòkòrò. Àjọ NSPRI nílùú Ìlọrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn, náà ti ṣe ìyẹ̀fun kan láti inú ilẹ̀, tó ń gba òróró ara kòkòrò títí á fi gbẹ kú.

BÍ WỌ́N ṢE Ń DÌ Í

Kí ẹ̀wà gbẹ ni àkọ́kọ́. Èyí tó bá tutù máa bu nínú ọ̀rá. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún ẹ̀wà sá sóòrùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, ẹ dì í lẹ́nu, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jò. Ẹ fẹ́ ẹ̀wà kúrò nínú ìdọ̀tí, torí igi ṣóńṣó lè lu ọ̀rá. Ẹ da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ má kún un dẹ́nu. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ jáde, ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ fi okùn so ó le. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ọ̀rá kejì, kí ẹ tó so àpò ìta. Ẹ gbé e sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri, kí eku má bàa gé e jẹ.

Ẹ má máa tú u wò lójoojúmọ́ o! Ìgbàkigbà tí wọ́n bá tú u, afẹ́fẹ́ tuntun ti wọlé fún kòkòrò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà díẹ̀díẹ̀, kó pín in sí àpò kéékèèké. Tí ọ̀rá kò bá tíì lu, ó ṣeé lò lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹni tí kò rí àpò yìí rà lè lo dúrọ́ọ̀mù onírin tàbí kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí dáadáa, kó sì kún dẹ́nu. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹ̀yin wẹ́dà: dúrọ́ọ̀mù tí ojú ìjó rẹ̀ kò jò, tí ìdérí rẹ̀ sì bọ́ sójú ẹ̀, ọjà gidi ni. Àmọ́ èyí tí wọ́n ti fi ru kẹ́míkà rí, ẹ má fi oúnjẹ sí i láé.

Ẹ̀WÀ TUNTUN LÁTI ZARIA

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà nílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pò mọ́ èyí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà kan tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ahmadu Bello, ní Zaria, ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà ní ọdún 2021. SAMPEA 20-T ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n mú nǹkan láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ sínú irúgbìn náà, kí ìdin tí wọ́n ń pè ní Maruca, tó ń jẹ òdòdó àti èèpo ẹ̀wà lóko, lè kú tó bá gé e jẹ. Ìdin yìí lè run ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá oko. Àwọn tó ṣe ẹ̀wà náà ní àgbẹ̀ tó ń fín oògùn tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ tẹ́lẹ̀ lè fín in lẹ́ẹ̀mejì péré báyìí. Àwọn kan kò fara mọ́ ọn: wọ́n ń ṣàníyàn nípa ìlera, wọ́n sì ń bèèrè ta ni yóò máa di irúgbìn mú. Ìjọba ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò léwu.

Èyí tó kan ọlọ́jà ni pé ìdin oko ni ẹ̀wà yẹn ń bá jà. Kò ní agbára kankan lórí kòkòrò inú àpò. Ẹni tó bá ra SAMPEA 20-T pamọ́ ṣì gbọ́dọ̀ dì í dáadáa.

OWÓ ÀBÍ Ẹ̀MÍ?

Òótọ́ ni pé àpò ọlọ́rá méjì wọ́n ju àpò lásán lọ, ìgò oró kékeré kò sì wọ́n. Ìyẹn gan-an ni ìdẹkùn tó wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó bá dá owó jọ lè ra àpò lọ́pọ̀, kí ó má bàa ni ẹnikẹ́ni lára. Oníbàárà náà sì ní ipa tirẹ̀: kó yé sá fún ẹ̀wà tó ní ihò méjì péré, kó wá máa sáré sí èyí tó ń dán tí òórùn rẹ̀ ò yé e.

Ọmọ tó máa jẹ àkàrà láàárọ̀ kí ó tó lọ síléèwé kò mọ ohun tí wọ́n fi pa kòkòrò. Ìyá tó ta ẹ̀wà náà ló mọ̀. Ẹni tó bá pa oníbàárà rẹ̀ lónìí, ta ni yóò tajà fún lọ́la?