Lẹ́yìn Ọdún ni Tọkọtaya Àgbà Ń Lọ sí Erédò

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìgbà ọdún ni àlejò máa ń pọ̀. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn regbẹ́rẹgbẹ́ a péjọ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún Ojúde Ọba, pẹ̀lú ẹṣin, ìlù àti aṣọ tí owó pọ̀ lára rẹ̀. Bí ó bá di nǹkan bí oṣù Keje, Agẹmọ ni ó kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ènìyàn àti ẹ̀ṣọ́, kí ó wá nígbà náà. Ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá tí ó ti dàgbà, tí wọ́n fẹ́ jọ wo igbó àti ilẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti kékeré, ìgbà mìíràn ni tiwọn.

Ariwo àti èrò nìkan kọ́ ni ó fà á. Obìnrin kì í rí Agẹmọ. Nígbà tí àwọn olórí Agẹmọ, tí àṣà ń kà sí mẹ́rìndínlógún, tí Tami ti Odògbolú sì jẹ́ aṣáájú wọn, bá ń ti ìlú wọn bọ̀ lọ sí Ìmọ̀sàn, inú ilé ni obìnrin ń wà. Ọkọ lè jáde bí ó ti wù ú. Ìyàwó tí ó ti bá a gbé fún àádọ́ta ọdún kò ní lè sìn ín dé ojú ọ̀nà. Nítorí náà, ìgbà tí àwọn awakọ̀ ń ráhùn pé ọjà kò yá, ìgbà náà gan-an ni ọ̀nà ṣí fún tọkọtaya láti jọ rìn.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Òṣùpá ni Ojúde Ọba ń tẹ̀ lé, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yára ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣe é. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni. Àárín òjò ni méjèèjì bọ́ sí, amọ̀ pupa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kì í sì í mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé bí òjò bá ti rin ín. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì ni ọ̀nà ẹsẹ̀ máa ń gbẹ. Ọyẹ́ yóò fẹ́ ní òwúrọ̀, ètè yóò sì là, ṣùgbọ́n ìyá tí ó mọ nǹkan yóò ti fi òrí sínú àpò.

Ìjagun dára láti fi ṣe ibùdó irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Láti 2005, tí a ti dá Yunifásítì Ẹ̀kọ́ tí a fi orúkọ Táì Ṣólàrín sọ sílẹ̀ níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń sọ ìlú náà di ọjà. Bí wọ́n bá ti gba ìsinmi, gbogbo rẹ̀ a rọlẹ̀, ọkọ̀ a sì ráyè kọjá. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni kí ó wa ọkọ̀. Kí wọ́n má sì gbàgbé gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti omi tútù; gààrí tí a jẹ́ kí ó kan dáadáa kí a tó yan án kì í já arìnrìn-àjò kulẹ̀.

Láti Ìjagun, wọn yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Òkè-Erí. Níbẹ̀ ni ibojì tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ti Bílíkísù Sùngbọ́ wà. Ìtàn ní obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, tí kò bí ọmọ, tí ó sì ní kí a wa yàrà ńlá yí ilẹ̀ ká kí orúkọ òun má baà parun. Mùsùlùmí, ọmọlẹ́yìn Kristi àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni ó ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ayaba Ṣéba tí ó lọ wo Sólómọ́nì. Ìyẹn ṣòro láti gbà, nítorí láti ayé Sólómọ́nì títí di ìgbà tí a wa yàrà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbàá ọdún, ó kéré tán.

Ibi ìbojì yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Àlejò yóò kọ́kọ́ kí àwọn tí ó ń tọ́jú ibẹ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò sì wọlé. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni o. Obìnrin kì í fi ojú kan ibojì náà. Ìyá tí ó ti ilé wá, tí orúnkún ń dùn, yóò dúró síta, ọkọ rẹ̀ yóò sì wọlé lọ wo sàréè obìnrin.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ obìnrin ni ó ti béèrè pé ta ni ó yẹ kí ó súnmọ́ ibojì obìnrin tí kò bímọ ju obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè náà kì í ṣe àfojúdi. Àwọn àgbà a máa dáhùn pé a kì í jiyàn èèwọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tí ó bá bọ̀wọ̀ fún onílé ni ó bọ̀wọ̀ fún òkú rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú èyí náà. Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé èèwọ̀ yìí wúwo lórí ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ, ọkọ tí ó bá sì mọ ìyẹn kì í pẹ́ nínú. Òmíràn kì í tilẹ̀ í wọlé rárá. Yóò kí àwọn olùtọ́jú, yóò fún wọn ní ohun tí ó yẹ, yóò sì padà lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Àwọn kan ka irú ọkọ bẹ́ẹ̀ sí aláìmọ àṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó ní kí ọkùnrin wọlé dandan.

Yàrà náà, Erédò fúnra rẹ̀, kò rí bí ibojì. Àti ọkùnrin àti obìnrin ni ó ń wọ̀ ọ́. P. C. Lloyd kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n nígbà tí Patrick Darling ti yunifásítì Bournemouth wọ̀n ọ́ ní àwọn ọdún 1990 ni òkìkí rẹ̀ kàn dé òkèèrè. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160, ó sì yí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 40 láti àríwá sí gúúsù ká. Níbi tí ó jìn jù, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Darling ṣírò pé erùpẹ̀ tí a wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó wà nínú pírámíìdì ńlá ti Íjíbítì lọ. Ó gbà pé iṣẹ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó tẹ̀ lé e fi í sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Láti 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO fọwọ́ sí. Síbẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ti gé odi náà já ní ibi púpọ̀, ẹni tí ó bá sì gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ibi tí igbó ṣì wà ni kí àgbà lọ. Igi ti dàgbà ní orí odi méjèèjì, wọ́n sì ti fi ewé bo yàrà, tí inú rẹ̀ fi tutù bí ìyàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀sán. Ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó ń dán, ewéédò sì wà lára rẹ̀. Kò yẹ kí a sáré níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a jìnnà. Ìrìn ìdajì wákàtí tó. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ibi ìsọ̀kalẹ̀ ni ó le jù.

Níbi ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni ọmọ tí ó wa ọkọ̀ ti máa ń na ọwọ́, tí yóò ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n dì yín mú." Ìyá tí ó ti jókòó síta ní Òkè-Erí ní òwúrọ̀ yóò sì ní kí ó lọ di bàbá rẹ̀ mú, òun ti ń sọ̀kalẹ̀ ní tòun.