Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Láàárín Kíláàsì Méjì tí Ilẹ̀ àti Òkun Pín Níyà

Kò ní pẹ́ tí a ó fi rán ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri, a ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ pé ayé rí róbótó, àti pé àyíká rẹ̀ tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Àwọn ọmọ yóò gbà á gbọ́ nítorí pé àgbà ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí a gbà lẹ́nu àgbà nìkan kì í fìdí múlẹ̀ bí èyí tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí kíláàsì kan ní Ìbàdàn àti òmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe lè fi ọ̀pá lásán jùmọ̀ wọn ayé, àti bí a ó ti ṣètò iṣẹ́ náà kí ó má bàa dàrú.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe láti ọ̀nà jíjìn kì í ṣe ohun titun. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, Célestin Freinet, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tẹ ìròyìn ara wọn, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó jìnnà sí wọn. Ní ọdún 2005, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ètò eTwinning sílẹ̀ kí àwọn kíláàsì láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀.

Yíyan iṣẹ́ ni ìpìlẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: iṣẹ́ tí ó yẹ ni èyí tí kíláàsì kan kò lè dá ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ìkíni nìkan ni a ń kọ sí ara wa, ọ̀rọ̀ yóò tán nínú lẹ́tà kejì. Èyí tí ó sì burú jù ni kí kíláàsì kan máa fi fúnni, kí èkejì máa gbà. Àwọn ọmọ tiwa yóò di ẹni àánú, àwọn ti ọ̀hún yóò sì rò pé kò sí ohun tí àwọn lè kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n níbi wíwọn ayé, òjìji ti Lọ́ńdọ̀nù kò wúlò láìsí ti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti Ìbàdàn kò wúlò láìsí ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ọgbọ́n náà ti pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 240 ṣáájú ìbí Olúwa wa, Eratosthenes, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ńlá ti Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, gbọ́ pé ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan nínú ọdún, oòrùn a máa tàn dé ìsàlẹ̀ kànga ní Siene, ìlú tí wòlíì Esekíẹ́lì dárúkọ, tí à ń pè ní Aswan lónìí. Ṣùgbọ́n ní Alẹkisáńdíríà, òjìji wà ní wákàtí kan náà, igun rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú 50 àyíká róbótó. Nítorí náà, ọ̀nà àárín ìlú méjèèjì, tí a kà sí 5,000 sítádíà ní ìwọ̀n àwọn Gíríìkì, ní láti jẹ́ ìdá kan nínú 50 àyíká ayé. Báyìí ni ó ṣe rí 250,000 sítádíà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ri ọ̀pá mọ́ ilẹ̀ títẹ́jú, kí 100 sẹ̀ǹtímítà yọ sókè, kí wọ́n sì fi okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí wò ó bí ó bá dúró ṣánṣán. Òjìji Ìbàdàn yóò tó nǹkan bí 13 sẹ̀ǹtímítà, ti Lọ́ńdọ̀nù nǹkan bí 126. Bí àwọn ọmọ bá ya ọ̀pá àti òjìji sórí ìwé, tí wọ́n sì wọn igun orí ọ̀pá, wọn yóò rí nǹkan bí dígíríì 7 àti ààbọ̀ ní Ìbàdàn, àti 51 àti ààbọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 44. Lórí àwòrán ilẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí 4,900 kìlómítà sí ìhà àríwá Ìbàdàn. Bí dígíríì 44 bá gba 4,900, dígíríì 360 yóò gba nǹkan bí 40,000.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè ni a ti í wò ó. Kí àwọn olùkọ́ méjèèjì fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun márùn-ún kí àwọn ọmọ tó gbọ́ nípa iṣẹ́ náà rárá.

Èkínní, agogo. Ọ̀sán gangan ti oòrùn kì í ṣe agogo 12. Ní ọjọ́ náà, òjìji yóò kúrú jù lọ ní Ìbàdàn nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 kí agogo 1 lù, àti ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 lẹ́yìn agogo 12 tiwọn. Kí wọ́n máa sàmì sí ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n sì mú òjìji tí ó kúrú jù lọ.

Èkejì, ojú ọjọ́. Ìkùukùu lè bo oòrùn. Nítorí náà kí wọ́n ya ọjọ́ 5 sọ́tọ̀, kí wọ́n sì lo ọjọ́ tí ìlú méjèèjì jọ rí oòrùn.

Ẹ̀kẹta, oṣù. Bí iṣẹ́ bá sún di oṣù Karùn-ún, oòrùn yóò ti rékọjá wa sí àríwá, òjìji Ìbàdàn yóò sì kọjú sí gúúsù. Nígbà náà, a ó ro igun méjèèjì pọ̀ ni, a kò ní yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Ẹ̀kẹrin, àkọsílẹ̀: gígùn ọ̀pá, ọjọ́ ìdánwò àti ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, ẹni tí yóò fi èsì ránṣẹ́, àti ọjọ́ tí yóò fi í ránṣẹ́. Ọmọ tí a ṣèlérí èsì fún, tí ó dúró títí tí kò rí i, kì yóò tètè gba ìlérí wa gbọ́ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ààbò àwọn ọmọ. Fóònù olùkọ́ kan tó láti fi èsì ránṣẹ́. Kí a má ṣe fi orúkọ, àwòrán tàbí àdírẹ́sì ọmọ kankan ránṣẹ́ láìgba àṣẹ òbí rẹ̀.

Bí èsì bá wá jẹ́ 38,000 tàbí 43,000 ńkọ́? Kí olùkọ́ má ṣe yí i padà. Kí kíláàsì méjèèjì bi ara wọn léèrè: ta ni ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀, ta ni kò dúró de òjìji tí ó kúrú jù lọ? Nínú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ méjì yóò ti mọ ara wọn bí alábàáṣiṣẹ́ tí ó dọ́gba. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pá kò wọ́n, oòrùn ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò nìkan ni ó kù sí wa lọ́wọ́.