Ẹrù Adágunkè: Àkíyèsí lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Gígun Òkè

Ìfáàrà

Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà òkè kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òkè Bọ́lá tí a ti ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, Òkè Àdó tí ó múlé tì í, Òkè Máàpó tí a ṣí gbọ̀ngàn ìlú sí ní 1929, àti Òkè Àrẹ tí ilé gogoro Láyípo ti wà láti 1936, òkè ni gbogbo wọn. Ẹni tí yóò gun èyíkéyìí nínú wọn kò ní ẹrù kankan láti dì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni a ní fún Òkè Kamẹrúùnù tí ó ga ju 4,000 mítà lọ, níbi tí òtútù ti lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá.

Láìpẹ́ yìí, ẹnìkan gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ wá fún wa pé kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ìtọ́sọ́nà ni, fún ẹni tí ó fẹ́ dá gun òkè fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Yorùbá rẹ̀ já gaara. Síbẹ̀, nígbà tí a kà á sí etígbọ̀ọ́ ìyá kan tí ń tajà ní àdúgbò wa, tí a sì dé ibi tí ó kọ àìsàn orí òkè sí, ìyá náà bi wá pé, "Tíṣà, ìjọ wo ló ni orí òkè yẹn?" Ìyá náà kò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá lónìí, ẹni tí ó lọ sí orí òkè, àdúrà ni ó lọ gbà.

Adágunkè ni a ó máa pe irú arìnrìn-àjò tí ìwé náà wà fún. Dá inú rẹ̀ ni ó wà nínú dá jẹ àti dá gbé. Ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ rìn lè bi ẹnìkejì rẹ̀ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Adágunkè kò ní ẹni tí yóò bi. Nítorí náà, ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀-ìperí tí a bá ṣẹ̀dá fún un gbọ́dọ̀ fi bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí ó lè ti inú orúkọ mọ ohun tí yóò ṣe.

1. Òkè àti gíga rẹ̀

A kò rò pé ó yẹ kí a wá orúkọ tuntun fún òkè. Ohun tí ó yẹ ni kí atúmọ̀ máa kọ gíga òkè láti ojú òkun tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí a bá gun 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ a máa tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ 30 ní etí òkun, yóò tó nǹkan bí 4 péré ní 4,000 mítà.

Láti nǹkan bí 2,500 mítà lọ sókè, afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí símú lè má tó o. Orí a máa fọ́ ọ, èébì a máa gbé e, oorun kò sì ní kùn ún. Òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, jẹ́ 2,419 mítà. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé èdè wa kò ní orúkọ fún àìsàn yìí. A dábàá àìsàn afẹ́fẹ́-fẹ́lẹ́. Orúkọ yìí ń sọ ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú: kí aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki.

2. Àpò àti ọ̀já

Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ bí a ṣe ń gbé nǹkan. A ń ru ẹrù sí orí, a ń gbé àpò kọ́ èjìká, a sì ń pọn ọmọ sí ẹ̀yìn. Àpò àgbékọ́ ni atúmọ̀ wa pe àpò ńlá tí adágunkè ń gbé sẹ́yìn. A kò fara mọ́ ọn, nítorí àgbékọ́ ń tọ́ka sí èjìká, bẹ́ẹ̀ sì ni èjìká kọ́ ni ó yẹ kí ó gba ìwúwo ẹrù náà. Àpò yìí ní ìgbànú fífẹ̀ kan tí a ń dì mọ́ egungun ìbàdí. Òun ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ ìwúwo náà lé ìbàdí àti ẹsẹ̀. Ọlọ́mọ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́: ọ̀já ni ó fi ń so ọmọ mọ́ra, kí ó má baà wọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, a dábàá àpò àpọ̀nsẹ́yìn àti ọ̀já ìbàdí. Kí atúmọ̀ ṣọ́ ohùn o. Ẹni tí ó pọ́n òkè ni ó gùn ún. Ẹni tí ó pọn ẹrù ni ó gbé e sẹ́yìn.

Bákan náà, dídi ẹrù yàtọ̀ sí kíkó ẹrù. Ẹni tí ó di ẹrù ti tò ó: àpò ìsùn ní ìsàlẹ̀, ohun tí ó wúwo ní àárín kí ó sì fara ti ẹ̀yìn, aṣọ òjò àti tọ́ọ̀ṣì lókè níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó wọn. Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹrù má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ẹni lọ. Ẹni tí ó wúwo tó 70 kílò kò gbọdọ̀ pọ̀n ju 14 kílò lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni lítà omi kan jẹ́ kílò kan.

3. Aṣọ àti òtútù

Aṣọ tí ó nípọn ni atúmọ̀ wa ní kí adágunkè mú dání. Ní etí Yorùbá, kíjìpá ni èyí, òwú sì ni kíjìpá. Òwú a máa mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Bí òjò tàbí òógùn bá rin ín, ńṣe ni ó ń fa ooru jáde lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Aṣọ irun àgùntàn a máa dá ooru díẹ̀ dúró bí ó tilẹ̀ tutù. A dábàá aṣọ adá-ooru-dúró.

Òtútù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tí ó ní òtútù ń mú òun lè jẹ́ pé ọyẹ́ ni, ó sì lè jẹ́ pé ibà ni. Nígbà tí ooru inú ara bá wálẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ, tí ara ń gbọ̀n, tí ahọ́n ń lọ́, tí iyè sì ń rá, ìpàdánù ooru-ara ni kí a pè é. Ẹni tí ó ka òtútù lè wá àgbo ibà lọ. Ẹni tí ó ka ìpàdánù ooru-ara yóò bọ́ aṣọ tútù, yóò wọ gbígbẹ, yóò sì wá ibi tí atẹ́gùn kò ti lè bá a.

4. Ìṣirò ìrìn àti ìwé ìfilọ̀

Ní 1892, William Naismith, ọmọ ilẹ̀ Scotland, gbé ìlànà ìṣirò kan kalẹ̀. Bí a bá yí i sí òṣùwọ̀n òde òní, ó jẹ́ wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn. Ìrìn kìlómítà 15 tí ó gun 1,200 mítà yóò gba wákàtí 5, láìka ìsinmi. Nítorí èyí, kí atúmọ̀ má da jíjìn ọ̀nà pọ̀ mọ́ gíga ìgunkè.

Adágunkè gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ fún ará ilé: ọ̀nà tí yóò gbà, ibi tí yóò sùn, ọjọ́ tí yóò dé, àti ẹni tí wọn yóò ké sí bí kò bá dé. A kọ́kọ́ ronú kan ìwé ìdágbére, ṣùgbọ́n òkú ni ó ń dágbére fún ayé. Ìwé ìfilọ̀-ìrìn ni a wá yàn.

Ìkádìí

A rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀ pé kí ẹ máa ka ọ̀rọ̀-ìperí yín sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí kò rí ìwé òyìnbó náà rí. A padà tọ ìyá ọlọ́jà wa lọ pẹ̀lú àìsàn afẹ́fẹ́-fẹ́lẹ́. Ó ní, "Níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti tó, kí ló dé tí kò tètè sọ̀ kalẹ̀?" Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ìtọ́jú àìsàn náà fún un.