OÚNJẸ Ọ̀FẸ́ NÍLÉ ÌWÉ: LỌ́WỌ́ TA NI ALÁSÈ YÓÒ TI RA Ẹ̀WÀ?



Ọ̀rọ̀ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ tíṣà, ṣùgbọ́n ti àgbẹ̀ gan-an ni. Bí ìjọba bá ń bọ́ ọmọ nílé ìwé, ibì kan ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ náà. Bí owó rẹ̀ bá dé ọwọ́ àgbẹ̀ ìtòsí, ọmọ àgbẹ̀ jèrè lẹ́ẹ̀mejì: ó yó ní kíláàsì, àwọn òbí rẹ̀ sì rí owó ìwé àti aṣọ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ alágbàtà ni gbogbo rẹ̀ gbà kọjá, yíyó nìkan ló kù, ìṣẹ́ ṣì wà nílé.

Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ dán ètò yìí wò ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Púpọ̀ wọn kò lè bá a lọ. Ọ̀ṣun di tirẹ̀ mú, wọ́n sì tún un ṣe ní 2012. Ní 2016 ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwọn fún praimari 1 sí 3. Obìnrin àdúgbò ni wọ́n fi ṣe alásè. Náírà 70 ni wọ́n kà sí orí ọmọ kan lóòjọ́, ó di 100 ní 2022. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Ìpàtà, ẹ mọ ohun tí iyẹn lè rà nínú ata nìkan! Ní oṣù kìíní 2024 wọ́n dá a dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ìgbà náà a ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ó ń padà bọ̀.

Lójú tèmi, bó bá padà, kò yẹ kó mọ sí praimari 3. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, òun ló ti lè ká ata, tó lè ru ẹrù. Òun la kọ́kọ́ ń mú kúrò nílé ìwé nígbà ìkórè. Àbúrò rẹ̀ ń jẹun, òun ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ọmọ 200 wà ní praimari 1 sí 3 nílé ìwé kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ gíráàmù 60 ẹ̀wà gbígbẹ. Kílò 12 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Bí wọ́n bá sè é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, kílò 288 ni, ó kù díẹ̀ kó pé àpò mẹ́ta oníkílò 100. Bí ọmọ 200 bá tún wà ní praimari 4 sí 6, ó di bí àpò mẹ́fà. Ilé ìwé kan ṣoṣo nìyẹn o, ẹ̀wà nìkan.

Ní Bràsíl, òfin 2009 pàṣẹ nígbà náà pé ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó oúnjẹ ilé ìwé tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wá gbọ́dọ̀ lọ fún àwọn àgbẹ̀ oníoko kékeré. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ máa béèrè níbí.

Ṣùgbọ́n alásè náà ní ẹjọ́ rò. Àgbẹ̀ kan ní àpò kan lónìí, ó tà á lọ́la, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kò ní nǹkan kan mọ́. Ẹ kó ẹ̀wà yín pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kí ẹ dà á sínú àpò onípele mẹ́ta: ọ̀rá méjì nínú, àpò lásán lóde. Ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan le lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú láìsí oògùn. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò inú ilé sí ẹ̀wà rárá. Májèlé ni.

Tí ẹ bá ń tà á ní àwìn, ẹ ṣọ́ra. Alásè tó ní owó kò tíì wọlé lè máa sọ òótọ́, àmọ́ gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Ẹ má jẹ́ kó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ kọ iye kílò àti ọjọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.