Kí Ni A Mọ̀, Kí Ni A Gbàgbọ́?



Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn rìn dé Táíwò Road ní Ìlọrin. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀ níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ká ní ẹnì kan kígbe lójijì pé, "Olè! Olè!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń sáré. Èrò ya tẹ̀lé e, wọ́n sì mú un. Kí a tó ṣẹ́jú, ogún ènìyàn ti ń wí pé àwọn mọ̀ pé òun ni ó jí owó. Àwọn kan ti ń wá igi. Bí ẹ bá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni mélòó ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí i?

Ìbéèrè fìlọ́sọ́fì nìyẹn. Ìbéèrè inú ẹ̀kọ́ yìí pọ̀: Kí ni ìwà rere? Ṣé orí tí ènìyàn yàn ni ó ń darí rẹ̀, tàbí ọwọ́ ara rẹ̀? Ti òní ni pé, báwo ni a ṣe mọ ohun tí a ní a mọ̀?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "gbàgbọ́". Gbà ń bẹ níbẹ̀, gbọ́ ń bẹ níbẹ̀: a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, àti Olúbi Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, bá àwọn oníṣègùn jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé wọn sì jáde ní 1986. Àwọn oníṣègùn wí pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tí a sọ fún un, ìbáà ti ẹnu bàbá rẹ̀ wá, ìgbàgbọ́ ni, títí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì rí i fúnra rẹ̀.

Nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ yín ní Odò Ọya ń ṣàn wọ inú òkun. Ẹ kọ ọ́ nínú ìdánwò, ẹ gba máàkì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò ní ẹ mọ̀ ọ́n. Lójú àwọn oníṣègùn, ẹ gbà á gbọ́ ni, àfi ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò jiyàn (àbí kí n ní mo gbàgbọ́?). Yóò ní ẹni tí kò dé Mẹ́kà rí a máa wí pé òun mọ̀ pé Mẹ́kà wà. Òótọ́ ni, ẹnu ọjà kì í wọn ọ̀rọ̀ bí ti oníṣègùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí a wọ̀n ọ́n.

Irú ìbéèrè báyìí ni Socrates ń bi àwọn ará Athens kí wọ́n tó dá ẹjọ́ ikú fún un ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Jésù. Sophie Olúwọlé (1935–2018), tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, kọ ìwé tí ó fi gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀rúnmìlà.

Ó ku obìnrin kan láàárín èrò tí ó ní òun rí olè náà gan-an. Aṣọ pupa ni ó rí, aṣọ pupa ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì wọ̀. Ẹni mélòó ni ó wọ aṣọ pupa ní ojú títì náà lọ́jọ́ yẹn?