Ariwo Inú Etí, àti Àwọn Oògùn Tí Ń Fà Á

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn a máa sọ ní gbangba. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn yóò tiro, gbogbo ayé yóò sì rí i; ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, ìjọ ni yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ń hó, òun nìkan ṣoṣo ni ó ń gbọ́ ariwo náà. Ẹ̀rù a sì máa bà á láti wí, kí a má baà rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ fi ń dákẹ́, nínú ìdákẹ́ yìí ni ewu sì wà, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ pé oògùn tí a ń lò ni ó gbé ariwo náà wá.

Àwa fúnra wa ti tọ́ ọ wò. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ibà líle kan gbé wa dè, a sì fún wa ní kiníìnì. Ní òru ọjọ́ kejì a gbọ́ ohùn kan, bí ẹni pé ìrẹ̀ ń ké lábẹ́ ibùsùn wa. A bẹ ẹlẹgbẹ́ wa tí a jọ ń gbé yàrá kan náà pé kí ó jọ̀wọ́ dìde, kí ó pa ìrẹ̀ náà. Ó tan fìtílà, ó gbé àpótí kúrò, ó gbọn ẹní, kò rí nǹkan kan. Ó ní òun kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn kankan. A bínú sí i gidigidi, a sì ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrẹ̀ náà kò dákẹ́, etí wa méjèèjì sì dí bí ẹni pé a ki òwú bọ̀ wọ́n. Nọ́ọ̀sì tí a sọ ọ́ fún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kiníìnì ni ó ń fọhùn. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a lo oògùn náà tán, ìrẹ̀ náà lọ, kò sì padà wá mọ́.

Báwo ni oògùn ibà ṣe lè di ìrẹ̀ nínú etí? Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti dá etí. Èyí tí a ń rí lóde kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn awọ fẹ́lẹ́ kan tí ó dàbí awọ ìlù, àti lẹ́yìn eegun kéékèèké mẹ́ta tí ń gbé ìró kọjá, ihò kan wà tí ó yí kókó bí ìkarahun ìgbín. Omi kún inú rẹ̀. Nínú omi náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ wà tí wọ́n ní irun lórí, iye wọn nínú etí kan sì tó nǹkan bí 15,000. Bí ìró bá wọlé, omi a mì, irun a sì tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí koríko ọ̀dàn nínú afẹ́fẹ́; nígbà náà ni iṣan a gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Àwọn tí ó wà nítòsí ẹnu ìkarahun náà ni ń gba ohùn tínrín, bí ti ẹyẹ àti ti agogo kékeré. Àwọn tí ó wà ní ìkángun rẹ̀ ni ń gba ohùn ńlá, bí ti gbẹ̀du.

Oògùn tí a gbé mì tàbí tí a gún wọ ara a máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi gbogbo. Kò mọ̀ pé ibà nìkan ni a rán òun sí. Bí ó bá dé inú ìkarahun yìí, ó lè da àwọn irun náà láàmú. Ọpọlọ, ẹni tí ìròyìn ti mọ́ lára, a rí i pé ìròyìn kò wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá, a sì tẹ́ etí sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, títí yóò fi máa gbọ́ ohun tí kò sí. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn amòye ti ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Kò jẹ mọ́ wèrè rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àmì pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn, bí àwọn kan ti máa ń wí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí kẹ́gàn kiníìnì. Ara èèpo igi kan tí ń hù lórí àwọn òkè ilẹ̀ Peru ni a ti ń rí i, ní ọdún 1820 ni Pelletier àti Caventou sì yọ ojúlówó rẹ̀ jáde ní ìlú Paris. Ní ọdún 1841, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya, tí Ajayi Crowther sì wà pẹ̀lú wọn, ibà pa òyìnbó tí ó ju 40 lọ. Ní ọdún 1854, Dókítà Baikie gòkè odò kan náà nínú ọkọ̀ Pleiad, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Baikie mú kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà máa lo kiníìnì kí ibà tó dé, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ibà pa. Bí ìrẹ̀ bá ké létí wọn, a rò pé wọn yóò gbà á tayọ̀tayọ̀. Lóde òní, oògùn tí a fi artemisinin pò ni a kọ́kọ́ ń fún oníbà, láti ọdún 2005 tí ìjọba Nàìjíríà ti fi í rọ́pò chloroquine. Ṣùgbọ́n kiníìnì kò tíì kúrò ní ilé ìwòsàn. Asipirín náà a máa mú etí hó bí a bá lò ó ní àlòjù, àwa tí a sì ń ra oògùn ara ríro lọ́jà ní ọ̀nà méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kì í mọ iye tí a ti gbé mì. Ti kiníìnì àti ti asipirín, nígbà púpọ̀, a máa lọ nígbà tí oògùn bá kúrò lára.

Ẹ̀yà kejì ni ó ba ni lẹ́rù. Ní ọdún 1943, nínú iyàrá ìwádìí Waksman ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a rí streptomycin láti ara kòkòrò inú ilẹ̀. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ́gun ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n òun àti àwọn ìbátan rẹ̀, bí gentamicin àti kanamycin, lè pa sẹ́ẹ̀lì onírun wọ̀nyí, bí wọ́n bá sì ti kú nínú etí ènìyàn, wọn kì í hù mọ́. Àwọn tí ń gba ohùn tínrín ni ó kọ́kọ́ ń lọ.

A mọ ọ̀gá akọrin kan ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọ tí a ti sìn, ṣáájú ọdún 2019. Ikọ́ ife tí oògùn àkọ́lò kò ràn mú un, a sì ń gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀. Etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, a ó dá abẹ́rẹ́ dúró, ikọ́ yóò sì pa òun. Ní ilé ìwòsàn tí ó ń lọ, tí a kò ní dárúkọ, kò sí ẹni tí ó bi í léèrè, a kò sì dán etí rẹ̀ wò nígbà kankan. Nígbà tí ó padà sídìí iṣẹ́, ó ń bá àwọn ọmọdé tí ń kọ ohùn òkè wí pé wọn kò la ẹnu. Àwa pẹ̀lú pe àwọn ọmọ náà, a sì bá wọn wí. Wọ́n ń la ẹnu, ẹ̀yin ará. Etí ọ̀gá wọn ni kò gbọ́ wọn mọ́. Ikọ́ ife náà lọ. Etí kò padà. Ní ọdún 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ kanamycin kúrò nínú àwọn oògùn tí wọ́n ní kí a máa fi wo irú ikọ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn oníhóró ti rọ́pò rẹ̀.

Bí ó bá ti sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, dókítà ì bá ti dín oògùn náà kù, tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà a bẹ̀ yín, bí etí yín bá bẹ̀rẹ̀ sí hó lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kan, ẹ má ṣe da oògùn náà nù fúnra yín, nítorí àrùn tí a ń wò lè pani kíákíá. Ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ẹ tọ ẹni tí ó fún yín lọ ní ọjọ́ náà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, títí kan àgbo, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ariwo bẹ̀rẹ̀. Bí kíndìnrín yín kò bá pé, ẹ sọ ọ́ kí a tó gún yín, nítorí òun ni ń lé irú oògùn bẹ́ẹ̀ jáde. Bí ẹ bá sì ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀ fún àìsàn ọkàn, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú. Òróró gbígbóná àti ìyẹ́ adìẹ kò ní ohun tí wọn yóò ṣe nínú etí. Ẹni tí ariwo rẹ̀ wà ní etí kan ṣoṣo, tàbí tí ó ń lù bí ìlù ọkàn, tàbí tí etí rẹ̀ di lójijì, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ yí lù ú.

Ṣùgbọ́n bí ariwo náà bá kọ̀ tí kò lọ ńkọ́? Kò sí oògùn tí a tíì mọ̀ dájú pé ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀ a lè bá a gbé. Ìdákẹ́ rọ́rọ́ òru ni ó ń mú un pọ̀, nítorí náà ìró jẹ́jẹ́ mìíràn nínú yàrá dára: fáànù, tàbí rédíò tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa, kí ó gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nítorí bí ọpọlọ bá ti ń rí ìròyìn gbà, kì í tẹ́tí sí ariwo náà púpọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ìwà ènìyàn tún wà tí ń kọ́ni bí a ṣe ń yí ọkàn kúrò lára rẹ̀, ó sì ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní. Kí a sì jìnnà sí ariwo ńlá, èyí tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè inú ilé ìsìn wa kì í jẹ́ kí ó rọrùn.

Ọ̀gá akọrin wa ti gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Àwọn ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́ nísinsìnyí, ẹlòmíràn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Ó sọ fún wa pé ìró òjò lórí páànù ni òun fi ń sùn dáadáa jù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọmọ rẹ̀ obìnrin gba ìró òjò sílẹ̀ sórí fóònù, ó sì ń tan án fún un ní alaalẹ́.