Kókó Ojú Ara Obìnrin: Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Eéwo

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọ̀tà, ní Ṣàngó àti ní gbogbo agbègbè ilé iṣẹ́ ńláńlá, àìsàn kan wà tí ìtìjú kì í jẹ́ kí obìnrin sọ jáde: kókó tí ó yọ ní ètè ojú ara. Ẹlòmíràn a máa fi í ṣiṣẹ́, a máa fi í jókòó ti ọjà, títí yóò fi tóbi débi pé ìjókòó di ìnira.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni àpò omi Bartholin, tí í wú nígbà tí ojú ihò kékeré kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ojú ara bá dí.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò wọ́pọ̀ wà tí wọ́n jọ ọ́. Lipoma jẹ́ kókó ọ̀rá. Angiomyofibroblastoma, tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní ọdún 1992, kì í sábà padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Aggressive angiomyxoma, tí a ṣàpèjúwe ní 1983, lè wọnú ìbàdí lọ jìnnà, ó sì lè tún hù lẹ́yìn tí a bá gé e. Ìfun pàápàá lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi abẹ gún irú rẹ̀, ìfun ni ó gún.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìyàtọ̀? Dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè ní kí a ya àwòrán ibẹ̀. Bí a bá gé e, ilé àyẹ̀wò ni yóò fi máíkíróskóòpù wo ẹran náà, kí a tó lè sọ ní pàtó ohun tí ó jẹ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí a ju ohun tí a gé nù. Ẹ béèrè èsì, kí ẹ sì tọ́jú ìwé rẹ̀.

Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má ṣe gún un. Bí ó bá ń yára tóbi, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ó di egbò tí kò jinná, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà. Bí ó bá yẹ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta tàbí Ṣágámù.

Ẹ̀yin ọkọ, kókó yìí kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Ẹ sin aya yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.